Òkè, Òkun àti Igbó: Yíyan Ibi Ìrìn-àjò Afẹ́ Láti Ọjà Ọba

Láti Ọjà Ọba nílùú Ìbàdàn, kò sí ọ̀kan nínú òkè, òkun àti igbó kìjikìji ilẹ̀ Yorùbá tí ọkọ̀ kò lè gbé ènìyàn dé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Abẹ́òkúta, níbi tí àpáta Olúmọ wà, kò ju nǹkan bí 80 kìlómítà lọ. Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n ń gbà lọ sí igbó tí erin ṣì ń gbé, tún sún mọ́ tòsí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èkó tó wà létí òkun tó bíi 130, Àkúrẹ́ tí wọ́n ń gbà lọ sí Ìdànrè sì tó bíi 200. Nígbà tí ọ̀nà kò ti jìn, ohun tó máa ń ba ìrìn-àjò afẹ́ jẹ́ lágbègbè yìí ni òkìkí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yan ibi tí wọn yóò lọ nítorí àwòrán tí wọ́n rí lórí fóònù, wọn kì í bèèrè oṣù tí wọ́n ya àwòrán náà. Wọ́n á dé ìdí ìṣàn-omi ní oṣù Kejì, wọ́n á bá omi tó ń kán tótó. Wọ́n á dé ẹsẹ̀ òkè ní oṣù Keje, àpáta á máa yọ̀ bí ilá. Àsìkò ló yẹ kó kọ́kọ́ yan ibi, kí agbára ẹni tó ń lọ tẹ̀ lé e, kí òkìkí tó wá sọ tirẹ̀.

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń pín ọdún níhìn-ín. Ọ̀kan ń ti orí òkun Àtìláńtíìkì wá, ó gbé omi dání; èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, ó gbẹ, ó sì ń ru eruku. Nígbà tí ti òkun bá lágbára, láti nǹkan bí ìparí oṣù Kẹta títí dé oṣù Kẹwàá, òjò ń rọ̀. Ó máa ń le jù ní oṣù Kẹfà àti Keje, á sinmi díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, á sì tún padà wá ní oṣù Kẹsàn-án. Láti oṣù Kọkànlá, ti aṣálẹ̀ á gba ipò, ọyẹ́ á sì dé. Òjò etíkun pọ̀ ju ti Ìbàdàn lọ, ti Ìbàdàn náà sì pọ̀ ju ti Kìṣí lọ, nítorí pé bí afẹ́fẹ́ òkun ṣe ń wọ inú ilẹ̀ lọ ni omi rẹ̀ ń dín kù. Ìdí nìyí tí igbó fi ki níhà Ìjẹ̀bú àti Oǹdó, tí ilẹ̀ sì ń di ọ̀dàn bí ènìyàn bá ti ń lọ sí òkè Ọ̀yọ́. Ojú ààlà igbó àti ọ̀dàn ni Ìbàdàn wà, kò sì sí ìlú tó tún dára tó o láti gbéra lọ sí ìhà méjèèjì.

Kí ènìyàn tó san owó ọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn, òkè wà nílé. Ọjà Ọba, tí wọ́n ń pè ní Ọjà Ìbà nítorí Ìbà Olúyọ̀lé, wà lẹ́sẹ̀ òkè Mápó. Orí òkè yìí ni Gbọ̀ngàn Mápó wà pẹ̀lú àwọn òpó gbàǹgbà iwájú rẹ̀. Ẹnjiníà òyìnbó kan, Robert Taffy Jones, ló kọ́ ọ, wọ́n sì ṣí i ní 1929. Òkè Ààrẹ kò jìnnà síbẹ̀, níbi tí ilé ìṣọ́ kan ti dúró láti 1936 ní ìrántí Captain Bower, aṣojú ìjọba òyìnbó àkọ́kọ́ tó jókòó nílùú náà. Láyípo ni àwọn ará Ìbàdàn ń pè é, nítorí àtẹ̀gùn inú rẹ̀ tó ń yí ènìyàn po títí dé òkè. Láti orí rẹ̀, òrùlé páànù tó ti dípẹtà tẹ́ lọ láti Bẹẹrẹ dé Bẹyẹrunká, Ilé Kòkó tí wọ́n parí ní 1965 sì yọ sókè lọ́ọ̀ọ́kán. Ìlò mìíràn tún wà fún Láyípo: ẹni tó bá ń mí helehele kó tó dé òkè rẹ̀ kò tíì múra tán fún Ìdànrè.

Òkè ilẹ̀ Yorùbá kò ga bíi ti ilẹ̀ mìíràn. Òkè Kamẹrúùnù ga tó 4,095 mítà. Ṣóńṣó Ìdànrè kò tó 1,000. Olúmọ kò ju 137 lọ láti ojú òkun. Iná abẹ́ ilẹ̀ ló yọ́ òkúta wọ̀nyí, ó sì ti ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ tí wọ́n ti dì sábẹ́ ilẹ̀, kí òjò àti oòrùn tó wá bó ilẹ̀ orí wọn kúrò díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó sá sórí wọn ló sọ wọ́n di ibi tó yẹ ní lílọ. Nígbà tí ìlú Ìbàdàn ti ìgbà Lágelú, ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó, tú, orí òkè ni àwọn tó kù sá lọ, wọ́n sì ń fi ìgbín àti èso òro gbé ẹ̀mí wọn ró. Ìrántí rẹ̀ ni ọdún Òkè'Bàdàn tí wọ́n ń ṣe ní oṣù Kẹta. Nígbà tí ogun tú àwọn Ẹ̀gbá ká, abẹ́ Olúmọ ni Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé ní 1830, ọdún kan péré lẹ́yìn tí àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ sọ Ìbàdàn di ibùdó. Ẹni tó bá gun òkè wọ̀nyí láìmọ ìtàn wọn, òkúta lásán ló lọ wò.

Olúmọ ló rọrùn jù fún ìdílé tí àgbàlagbà wà nínú wọn. Àwọn ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí ṣì wà, ojú ibi tí àwọn obìnrin ti ń lọ nǹkan ṣì hàn lára àpáta, ojúbọ sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣì ń bọ. Àtẹ̀gùn wà, wọ́n sì tún ṣe ẹ̀rọ agbénisókè sí i nígbà àtúnṣe ńlá tó wáyé ní nǹkan bí 2006. Àmọ́ kí wọ́n bèèrè bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà kí wọ́n tó mú Màmá Àgbà dání. Láti 2021, ọkọ̀ ojú irin tuntun tó ń ti Mọ́níyà lọ sí Èkó ń dúró ní Abẹ́òkúta. Ó tura, ó sì mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n Mọ́níyà wà ní ìpẹ̀kun Ìbàdàn lápá àríwá, ẹni tó bá sì ti Ọjà Ọba la ìlú kọjá débẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àárọ̀ lè máa rò ó pé bí òun bá ti wọ ọkọ̀ ní Àpáta, òun ìbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Bí wọ́n bá ń bọ̀, ọjà àdìrẹ Ìtòkú kò jìnnà sí àpáta náà.

Ìdànrè ni olórí gbogbo wọn. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló wà lára àpáta náà, pẹ̀lú ibi ìsinmi lójú ọ̀nà, odidi ìlú sì ni ènìyàn ń bá lókè. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún péré sẹ́yìn ni àwọn ará Ìdànrè sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń gbé lónìí. Ààfin Ọwá àtijọ́ àti àwọn òpó gbígbẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Kóòtù àtijọ́, ọgbà ẹ̀wọ̀n, ilé ìwé ìgbà àwọn míṣọ́nnárì, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn wà lórí àpáta, wọ́n sì gbà pé kò sí ẹsẹ̀ tí kò ní bá a mu, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Ẹ̀rín ni wọ́n fi máa ń sọ ọ́, síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo àlejò ló ń gbà láti gbé ẹsẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kan tún wà tí àwọn onímọ̀ kò tíì rí níbòmíràn láyé ju orí òkè Ìdànrè lọ. Ó tó bí ogójì ọdún tí wọn kò fi gbúròó rẹ̀, kí wọ́n tó tún rí i ní 2013. Láti 2007 ni Nàìjíríà ti kọ orúkọ Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO gbà sí ogún gbogbo ayé, ó sì wà níbẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀ láìtíì wọlé. Ẹni tó bá gun òkè náà yóò rí i pé ó tó bẹ́ẹ̀, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oṣù Kọkànlá títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ni kí wọ́n lọ. Òjò ti lọ, igi ṣì tutù yọ̀yọ̀, ọyẹ́ kò sì tíì bo ojú ọ̀run tí ènìyàn kò fi ní rí àwọn òkè tó yí ìlú ká. Ohun kan tí àwọn àlejò kì í mọ̀ títí wọn yóò fi kàgbákò rẹ̀ ni pé àpáta a máa gba ooru pamọ́. Bí ó bá di ọ̀sán, a máa jó ènìyàn lẹ́sẹ̀ bí ó tilẹ̀ wọ bàtà. Nítorí náà, àfi kí wọ́n sùn ní Àkúrẹ́ tàbí ní Ìdànrè gan-an, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún ní aago méje àárọ̀, kí oòrùn tó mú.

Adó-Àwáyè, lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, yẹ fún ẹni tí kò fẹ́ èrò. Adágún Ìyàkẹ́ wà lórí òkè ibẹ̀, wọ́n sì ní kì í gbẹ. Àwọn kan máa ń sọ pé méjì péré ni irú rẹ̀ ní gbogbo ayé. Onímọ̀ ilẹ̀ yóò rọra kó tó gba ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n omi tó dúró gbárí lórí àpáta kò nílò irọ́ kí ó tó yẹ ní wíwò. Wọ́n ti tún ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn ṣe, èyí sì ti gé ìnira ìrìn náà kúrú. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti ń hun aṣọ òkè, ẹni tó bá sì ní ìnáwó níwájú lè fi ìrìn kan ṣe iṣẹ́ méjì.

Ìṣàn-omi ni àsìkò ń ṣe lọ́ṣẹ́ jù. Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń yà sí láti ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele méje láti ìhà Ẹfọ̀n-Alààyè. Ìpele àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ àlejò ń dúró sí láti ya àwòrán. Bí ènìyàn bá ń gòkè sí i ni ariwo ń dín kù. Ìgbà tí òjò bá ń parí lọ, láti oṣù Kẹwàá, ni omi ibẹ̀ ń pọ̀ tí ọ̀nà kò sì burú. Ṣùgbọ́n Ìkògòsì ní Èkìtì kò wo ojú òjò. Omi ibẹ̀ ń gba ojú sísán òkúta wọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ, ooru abẹ́ ilẹ̀ á mú un gbóná, á sì tún jáde, á ṣàn lọ pàdé èyí tó tutù lójú ibì kan tí ènìyàn lè ki ẹsẹ̀ kan sínú ọ̀kan, kó ki èkejì sínú èkejì. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ nìkan ló ń yan oṣù ìsinmi fún, Ìkògòsì ni kó lọ. Ìṣàn-omi Aríntá ní Ìpólé-Ìlórò kò jìnnà síbẹ̀.

Igbó ni àwọn arìnrìn-àjò ń fojú fò jù, òun ló sì ń yára tán lọ jù. Igbó ọba Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní 1925, fẹ̀ ju 1,300 kìlómítà níbùú lóròó lọ nínú ìwé. Ní tòótọ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ṣì jẹ́ igbó. Wọ́n gé apá kan lulẹ̀ láti gbin igi meláínà fún ilé iṣẹ́ bébà Ìwopin, ilé iṣẹ́ tí wọn kò kọ́ parí. Àwọn olóko kòkó gba apá mìíràn. Ìyókù ni àwọn erin igbó ń gbé, lágbègbè abúlé tí wọ́n ń pè ní J4, níbi tí àjọ Nigerian Conservation Foundation ti ń ṣiṣẹ́ láti dáàbò bò wọ́n. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìrètí pé erin yóò jáde wá kí òun yóò padà pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ojú ẹsẹ̀ erin àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló wọ́pọ̀. Ẹyẹ ni ènìyàn ń rí, àti àwọn igi àgbà tí ọmọ ìlú ńlá mọ̀ lórí pákó nìkan. Ìwé àṣẹ àti amọ̀nà ṣe pàtàkì, bàtà òjò náà ṣe pàtàkì, oṣù Kejìlá sí Kejì ló sì dára, nígbà tí ọkọ̀ kò ní rì sínú ẹrẹ̀. Ní ìtòsí Ìjẹ̀bú-Òde, kí wọ́n yà wo Erédò Ṣùngbọ́, yàrà àti odi erùpẹ̀ àtijọ́ tó yí ilẹ̀ ká fún ohun tó ju 160 kìlómítà lọ, tí igbó sì ti bo púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹni tí Ọmọ bá jìnnà sí kò nílò láti jáde kúrò ní Ìbàdàn. Nínú ọgbà IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, igbó tó tó bíi 350 hẹ́kítà ti padà hù síbi tí oko wà tẹ́lẹ̀. Ẹyẹ kan ń gbé ibẹ̀, ẹbí ẹ̀gà ni, dúdú àti pupa ni àwọ̀ rẹ̀, orúkọ Ìbàdàn ni àwọn onímọ̀ sì fi pè é: Malimbus ibadanensis. Agbègbè ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ló wà, ó sì ti ṣọ̀wọ́n. Àwọn tó ń wo ẹyẹ ń wọ ọkọ̀ òfurufú wá láti ilẹ̀ òkèèrè nítorí rẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo kéré, hẹ́kítà 75 ni, síbẹ̀ òun ni UNESCO gbà wọlé ní 2005. Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, tó kú ní 2009, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ ló mọ àwọn ère ibẹ̀. Oṣù Kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun. Ẹni tó bá fẹ́ rí Arugbá, wúńdíá tó ń ru igbá ẹbọ, àti èrò, ìgbà náà ni kó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rí igbó, kó má lọ ní oṣù Kẹjọ rárá. Àwọn awakùsà góòlù ti ba odò Ọ̀ṣun tó gba inú igbó náà jẹ́ lókè, àwọ̀ rẹ̀ ti pọ́n láti ọdún mélòó kan, ìjọba sì ti kìlọ̀ pé kí àwọn ènìyàn má mu ún.

Òkun gba ìṣọ́ra. Ọ̀sà rọ̀, òkun kò rọ̀: omi abẹ́ rẹ̀ ń fa ènìyàn wọ inú lọ, pàápàá láàárín oṣù Kẹfà sí Kẹsàn-án tí ìgbì ń le, bí ènìyàn tilẹ̀ mọ ìwẹ̀ odò dáadáa. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí wọ́n lọ, kí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ mọ etí omi. Etíkun kì í dúró lójú kan. Nígbà tí àwọn òyìnbó kọ́ ògiri òkúta sẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó láàárín 1908 sí 1912, wọ́n dí iyanrìn tí omi ń gbé láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn lọ́nà, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àyétòrò nílẹ̀ Ìlàjẹ, tí àwọn onígbàgbọ́ kan dá sílẹ̀ ní 1947 tí wọ́n sì jùmọ̀ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ bí ọmọ ìyá, ni òkun ń gbé ilé rẹ̀ lọ báyìí. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìgbókòdá lọ síbẹ̀, kó ra ẹja, kó jẹ púpúrú, kó sì rántí pé ìnira àwọn ẹni ẹlẹ́ni kì í ṣe ìran àpéwò.

Ìtàn tó jinlẹ̀ jù létí òkun wà ní Bàdágírì. Ilé àgbékà tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní 1845 ṣì dúró níbẹ̀. Àwọn yàrá tóóró tí wọ́n ń há ẹrú mọ́ ní ilé Sẹ̀rìkí Abass wà níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi á sì gbé ènìyàn sọdá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fù, níbi tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ti fẹsẹ̀ rìn gba orí iyanrìn dé etí òkun. Bí àkókò kò bá tó fún òkun àti igbó, Lekki Conservation Centre ní Èkó fi díẹ̀ hàn nínú méjèèjì: afárá orí igi rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 2015, gùn ní 401 mítà. Ti Kakum ní Gánà ṣáájú rẹ̀ ní 1995, ó sì gùn ní nǹkan bí 350, ṣùgbọ́n igbó tó wà lábẹ́ ti Kakum ló jẹ́ igbó gidi.

Ó ṣeé ṣe láti lọ jìnnà sí i. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún ọmọ Nàìjíríà láyè láti wà ní orílẹ̀-èdè ọmọ ẹgbẹ́ fún 90 ọjọ́ láìgba físà, bí ó bá ti ní ìwé ìrìnnà àti yẹ́lò káàdì. Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní òkè àpáta bíi ti Ìdànrè, èdè Yorùbá sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Òkè Agou ní Tógò ga tó 986 mítà.

Ohun tó kù jẹ́ ti ojú pópó. Ọkọ̀ Ifẹ̀, Iléṣà àti Àkúrẹ́ wà ní Ìwó Road. Ẹni tó ń lọ sí Abẹ́òkúta á gba Àpáta, ẹni tó ń lọ sí Ìsẹ́yìn á gba Mọ́níyà. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti ń dúró lójú ọ̀nà, tí àwọn gómìnà ìwọ̀-oòrùn gúúsù fi dá ẹ̀ṣọ́ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 2020, ìrìn òru ti di ohun tí ọlọ́gbọ́n ń yẹra fún. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni kí ọkọ̀ gbéra, kí wọ́n sì ti wọlé síbi tí wọn yóò sùn sí kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Owó amọ̀nà kò pọ̀ tó èyí tí ènìyàn ń ná sórí ọtí ẹlẹ́rìndòdò lójú ọ̀nà, kò sì yẹ kí wọ́n du ọmọ ìlú tó mọ ìtàn àpáta rẹ̀ ní owó náà.

Bí ó bá jẹ́ pé ìrìn kan ṣoṣo ni ìdílé kan láti Ọjà Ọba lè rìn lọ́dún, ọ̀nà ìlà-oòrùn ni kí wọ́n gbà ní oṣù Kọkànlá: kí wọ́n yà sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kí wọ́n sùn ní Ìkògòsì, kí wọ́n sùn ní Àkúrẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kejì, kí wọ́n sì gun Ìdànrè láàárọ̀ ọjọ́ kẹta. Àwọn arúgbó lè dúró de ìyókù ní ẹsẹ̀ òkè.